Ọ̀gànwó bàbá wa wó: báwo ni a ṣe lè là á sí pákó kí ó má di igi ìdáná?

ỌmọÌsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìjì tó jà ní Ìsẹ́yìn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá wó igi ọ̀gànwó tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá wa ló gbìn ín ní ọdún 1974, ní ọdún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń jẹun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ rẹ̀ náà ni a sì jókòó sí ní ọjọ́ tí a sin bàbá. Ọpẹ́ ni pé kò wó lé ilé. Odi ọgbà nìkan ni orí rẹ̀ gbá. Gbòǹgbò rẹ̀ tú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀ tó hú sókè ga jù mí lọ, ìtì rẹ̀ sì nà gbọọrọ láti ibi gbòǹgbò náà dé orí odi, tí àárín rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Mo fi okùn wọn àyíká rẹ̀. Ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìdí, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ibi tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti yà, gígùn ibi tó gún régé láàárín méjèèjì sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16. Oníṣòwò gẹdú kan ti wá, iye tó sì dá lé e kò lè ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Àwọn tó ń ta igi ìdáná náà ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wa ní àwọn kò fẹ́ kí a jó igi ọkọ àwọn níná, pé ilẹ̀kùn iwájú ilé àti tábìlì ńlá kan ni àwọn fẹ́ kí a fi ṣe. Mi ò mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Onígẹdú, Bódìjà

Ọmọ mi, ẹ kú ewu ìjì, ẹ kú ìnáwó odi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ gẹdú. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má tíì fi ẹ̀rọ kan igi náà títí ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi yí i ká wò. Igi tó wó kò dà bí igi tó dúró. Igi tó gbé ara lé nǹkan ní ìdí àti ní orí, tí àárín rẹ̀ wà lófìfo, bí ọrun tí a fà sílẹ̀ ni ó rí: òkè rẹ̀ há, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nà tantan. Bí o bá ti òkè gé e lọ tààrà, yóò há mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu, ìyókù yóò sì fa ara rẹ̀ ya lójijì. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a óò ti òkè gé e wọlé díẹ̀, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta, lẹ́yìn náà a óò ti ìsàlẹ̀ gé e bọ̀ títí méjèèjì yóò fi pàdé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó gbé ara lé, tí ẹ̀gbẹ́ kejì rọ̀ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òkè ni ó nà.

Ẹ ṣọ́ra fún gbòǹgbò tó hú sókè yẹn ju ohun gbogbo lọ. Ìwúwo ìtì ni ó mú un dúró bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti gé ìtì kúrò lára rẹ̀, kùkùté náà lè padà dìde kí ó sì já sínú kòtò tó ti jáde. Kí ọmọdé kankan má ṣe sún mọ́ kòtò yẹn, kí ewúrẹ́ pàápàá má wọ inú rẹ̀. Àwọn bàbá wa sọ pé bí igi bá ré lu igi, tòkè ni a ń kọ́kọ́ gbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí rí. Àwọn ẹ̀ka wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó kúrò, lẹ́yìn náà èyí tó wà lórí odi, kí ẹ tó dé ìtì. Bí wáyà iná bá sì wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí àwọn oníná wá gé iná ibẹ̀ ná.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Igbó

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ lọ ra ọ̀dà kan lónìí, èyí tó ṣẹ́kù nínú agolo ní ilé pàápàá dára, kí ẹ sì kùn ún sí gbogbo ojú tí a bá gé lára ìtì náà láàárín wákàtí tí a gé e. Ojú tí a gé ni omi ti ń jáde kúrò nínú igi yára jù, ó sì yára ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí orí bá gbẹ tí inú ṣì tutù, orí yóò sán, ibi tó sán náà yóò sì máa lọ sínú. Mo ti rí ìtì tó pàdánù ẹsẹ̀ bàtà kan ní orí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e dé ibi ìlagi, nítorí pé kò sí ẹni tó kùn ún.

Ní ti àkókò, oríire yín ni pé ọ̀gànwó ni. Inú pupa rẹ̀ lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ilẹ̀ láìbàjẹ́, àmọ́ ara funfun tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, kòkòrò ti ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ arère ni, ohun tí màá sọ ni pé kí ẹ wá ọkọ̀ lónìí olónìí, nítorí pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni olú àìfojúrí ti máa ń wọ inú arère, tí yóò sì sọ igi funfun náà di aláwọ̀ eérú àti aró. Kò ní dín agbára igi náà kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò ra pákó bẹ́ẹ̀ ní iye tó yẹ.

Mo ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ kọ. Ẹsẹ̀ bàtà 16 yẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà kúbíìkì kan àti ààbọ̀. Bí ẹni tó là á bá mọ̀ ọ́n là, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni yóò di pákó tó ṣe é lò; ìyókù ni èèpo, ẹ̀gbẹ́, àti lẹ́búlẹ́bú ayùn. Ìdajì yẹn tó ilẹ̀kùn, ó tó tábìlì, yóò sì ṣẹ́kù. Owó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta kọ́ ni ó tó sí i.

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gé ìtì yẹn sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe sílẹ̀. Ilẹ̀kùn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7. Nítorí náà, ẹ gé ìtì náà sí méjì, ẹsẹ̀ bàtà 8 kọ̀ọ̀kan, kí àfikún wà ní orí àti ìdí tí a óò gé dànù bí ó bá sán. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ gé e bí ó ṣe rọ òun lọ́rùn láti gbé.

Ohun kejì ni pé eegun ọ̀gànwó, ìyẹn ìlà tó wà nínú igi náà, kì í lọ sí ojú kan. Bí ó ṣe ń dàgbà ni ó ń lọ́ sí ọ̀tún fún ọdún díẹ̀, tí ó tún ń lọ́ sí òsì. Èyí ni ó ń fún un ní ìlà tó ń dán tí ó sì ń ṣú bí a bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ẹwà rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń mú kí ó ya mọ́ randa tí a fi ń fá pákó lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ ilẹ̀kùn tí kò ní lọ́, kí ẹ ní kí wọ́n la díẹ̀ lára rẹ̀ ní ìlà tó dojú kọ ọkàn igi tààrà, kì í ṣe kí wọ́n là á bẹẹrẹ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ọkàn igi fúnra rẹ̀, ibi kékeré tó wà láàárín gbùngbùn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Pákó tí ọkàn bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣàì sán.

Adé Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí Káfíńtà sọ yìí dùn mí dé egungun. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, máńgòrò ìyá mi àgbà ya ní àárín. Mo pe ẹnì kan tó ní ṣéènsọ̀ pé kí ó bá wa gé e kúrò lójú ọ̀nà, mo sì lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti gé gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri létòlétò, ó sì ń retí kí n yìn ín. Inú igi náà ní ìlà dúdú àti àwọ̀ oyin tí n kò rí irú rẹ̀ rí. A fi se àmàlà fún oṣù mẹ́ta. Ẹni yẹn kò ṣẹ̀ mí, èmi ni n kò sọ ohun tí mo fẹ́. ỌmọÌsẹ́yìn, dúró tì wọ́n.

Ìyá Augusta

Ẹ kú ilé o. Láti Georgia ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń kọ̀wé. Ìjì líle tí wọ́n pè ní Helene wọ Florida ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ó ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Augusta. Igi óákù àti igi pecan ló wó ní àdúgbò wa bí ẹni pé ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn ni wọ́n kó lọ lọ̀ di èérún. Èmi àti ọkọ mi ní kí ti ẹ̀yìn ilé wa má lọ.

Níbí yìí, àwọn kan wà tí ẹ̀rọ ìlagi wọn ní táyà, tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ wá bá ènìyàn nílé. Ìtì yóò sùn sójú kan, ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí bẹ́líìtì yóò sì máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó wá bá wa kò kọ́kọ́ béèrè irú igi tí ó jẹ́. Ohun tó béèrè ni pé ṣé igi inú ọgbà ni àbí igi inú igbó. Ó ní igi inú ọgbà máa ń ní ìṣó nínú, pé bí ayùn òun bá bá ìṣó pàdé, àwa ni a óò san owó ayùn náà. Ó fi ẹ̀rọ tó ń wá irin gba ara ìtì náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì rí ìṣó mẹ́rin tí èèpo ti bò pátápátá. Ẹ ronú nípa ti yín dáadáa. Ǹjẹ́ ẹ ti so nǹkan mọ́ ọn rí?

ỌmọÌsẹ́yìn

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá. Ìbéèrè yẹn mú mi ronú. A ti so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn, a ti kan pátákó ìdìbò mọ́ ọn, mo sì rántí pé bàbá kan irin kan mọ́ ọn láti fi gbé fìtílà kọ́. N kò rí ìkankan nínú wọn lójú mọ́.

Ọkùnrin kan tó mọṣẹ́ ti kó àwọn ẹ̀ka kúrò. Àwọn ìyá tó wà ládùúgbò wá bẹ̀bẹ̀ fún èèpo rẹ̀ nítorí agbo ibà, ìyá wa sì fún wọn. Ẹ̀ka ni a fún àwọn onígi ìdáná, inú wọn dùn, inú tiwa náà dùn. Ìtì ti kúrò lórí odi, mo ti kùn ún ní ọ̀dà. Ìbéèrè mi báyìí ni pé ṣé kí ọkùnrin náà fi ṣéènsọ̀ là á sí pákó nílẹ̀ níhìn-ín, àbí kí n wá lọ́rì tí yóò gbé e lọ sí sọ́míìlì?

Bàbá Onígẹdú, Bódìjà

Gbé e lọ sí sọ́míìlì bí ọ̀nà bá wà. Màá sọ ìdí rẹ̀. Ẹnu ṣéènsọ̀ nípọn. Ní gbogbo ìgbà tó bá gba inú igi kọjá, nǹkan bíi mìlímítà 9 ni ó ń sọ di lẹ́búlẹ́bú. Ayùn gbọọrọ ti sọ́míìlì kò ju mìlímítà 3 lọ. Ká ní a la ìtì kan nígbà 16: ṣéènsọ̀ yóò jẹ mìlímítà 144, ayùn sọ́míìlì yóò jẹ 48. Pákó oní-íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25. Ìyẹn ni pé ṣéènsọ̀ yóò jẹ pákó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà, sọ́míìlì yóò jẹ méjì. Pákó mẹ́rin lórí ìtì kan kì í ṣe ohun kékeré nínú igi tí bàbá ẹni gbìn.

Lẹ́yìn náà, kí o tó gbé e sójú títì, lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka igbó ti ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí rẹ. Ṣàlàyé fún wọn pé ìjì ló wó igi náà nínú ọgbà yín, mú àwòrán rẹ̀ lọ, kí o gba ìwé. Igi tó wà lára àwọn tí òfin dárúkọ, inú ilé ẹni ni o, inú oko ni o, ó ní ìwé tirẹ̀. Wọn a máa fi òòlù tẹ òǹtẹ̀ sí ojú ìtì kí ẹni tó bá dá ọkọ̀ dúró lè rí i. Ẹni tó gbé gẹdú láìní ìwé yóò lo gbogbo ọjọ́ lójú ọ̀nà, ó sì lè pàdánù ẹrù rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Aṣéènsọ̀, Oǹdó

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bàbá, òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ ibi tí lọ́rì kò lè dé ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí igi ti wó sínú àfonífojì tàbí sẹ́yìn kòkó olóko. Ní irú ibẹ̀, ṣéènsọ̀ nìkan ni ọ̀nà. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣéènì tí a fi ń gé igi ní ìbú la pákó lóòró. Eyín ṣéènì ìgégi ni a ń pọ́n ní ìgun dígírì 30. Ti ìlagi, ìgun bíi 10 ni. Bí a bá fi ti 30 là á, ojú pákó yóò rí gbágungbàgun, ẹ̀rọ yóò sì gbóná kọjá ààlà. Ẹ tún wá irin tí a fi ń tọ́ ojú ẹ̀rọ sọ́nà, kí nínípọn pákó lè dọ́gba. Ẹni tó ń fi ojú lásán là á ń fi igi ṣòfò.

Ọmọ Ìlá

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè tèmi kò jìnnà sí èyí. Àrá sán lu ìrókò kan ní oko wa, ìdajì rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn ẹbí kan ní ohun tó wà nínú ìrókò kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, àwọn mìíràn ní owó ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, báwo ni a ṣe máa ṣe é?

Bàbá Onígẹdú, Bódìjà

Ọmọ mi, n kò ní fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilé rẹ ṣeré. Pè wọ́n jókòó, kí ohun tí wọ́n bá ní kí a ṣe sí ìdí rẹ̀ di ṣíṣe, kí gbogbo ẹbí sì gbọ́ kí ẹ̀rọ tó dún. Mo ti rí iṣẹ́ tó dàrú nítorí pé wọ́n fo ìpàdé yẹn. Ní ti igi náà fúnra rẹ̀, mọ̀ pé ìrókò máa ń ní òkúta nínú, òkúta gidi, tó funfun bí ẹfun, pàápàá ní ibi tí ó bá ti ní ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀. Igi tí àrá ti lù ni mo máa ń fura sí jù. Òkúta yẹn a máa ká eyín ayùn bí ìṣó ni. Fi aṣọ bo imú pẹ̀lú, nítorí lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa fa ikọ́ àti èéyún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Igbó

Bí ẹbí Ọmọ Ìlá kò bá tíì parí ìpàdé wọn, kí wọ́n má bẹ̀rù jù. Inú ìrókò kì í tètè rà. Ohun tó ń ba igi jẹ́ ni olú àti kòkòrò, méjèèjì ló sì nílò afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ìtì tí wọ́n máa ń kó sórí ọ̀sà nígbà kan ní Oko-Baba, ibùdó ìlagi ní Èbúté Mẹ́ta ní Èkó, fi lè pẹ́ nínú omi tí ibi tó rì sínú omi á ṣì le, nígbà tí orí tó yọ síta á ti máa bàjẹ́. Nígbà tí ìjì Gudrun wó igi tó tó mílíọ̀nù 75 mítà kúbíìkì ní Sweden ní oṣù kìíní ọdún 2005, kò sí bí sọ́míìlì wọn ṣe lè là wọ́n tán. Wọ́n tò wọ́n jọ bí òkè, wọ́n sì ń fọ́n omi sí wọn tọ̀sán-tòru kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ inú wọn. Ẹni tí kò ní ọ̀sà tí kò sì ní ẹ̀rọ ìfọ́nmi kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó là á kíákíá lọ.

ỌmọÌsẹ́yìn

Ẹ̀yin àgbà mi, a ti là á o! Mo gba ìwé, a fi igi méjì ṣe àtẹ̀gùn sí ẹ̀yìn lọ́rì, a sì fi okùn yí ìtì méjèèjì gùn ún. Pákó oní-íǹṣì méjì 11 àti oní-íǹṣì kan 16 ni a rí, gbogbo wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì ńlá láti inú gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́ lọ, mo fi gba ara ìtì, a yọ ìṣó mẹ́ta. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí pákó karùn-ún, àwọ̀ dúdú bí tàdáwà kan ti ràn ní àárín pupa rẹ̀, ó gùn tó apá mi. Alágbàṣe náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì yọ irin kan tó ká bí ìwọ̀ jáde, ó jìn tó íǹṣì mẹ́rin sínú igi. Orí ló yọ wá pé ìka méjì ni ayùn fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé irin náà délé fún ìyá wa. Wọ́n yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Ìkọ́ fìtílà bàbá yín nìyí. Alẹ́ ọjọ́ tí a kó wọ ilé yìí ni wọ́n kàn án.” Wọn kò sọ ohun mìíràn, wọ́n fi sínú àpótí wọn.

Báyìí, pákó wà lábẹ́ àtíbàbà. Ẹnì kan ní kí n tẹ́ ẹ sójú oòrùn kí ó tètè gbẹ kí ọyẹ́ tó dé. Ṣé òótọ́ ni?

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Rárá o, rárá! Ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sójú oòrùn. Oòrùn yóò gba omi ojú rẹ̀, inú yóò ṣì kún, pákó yóò wá lọ́ bí etí ìbákà. Mo ti gba iṣẹ́ irú pákó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì dá a padà fún ẹni tó ni ín pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, nítorí kò sí randa tó lè tún un ṣe.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Igbó

Káfíńtà ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ tẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí pákó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nílẹ̀, nítorí ọ̀rinrin àti ikán. Ẹ gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gbẹ, íǹṣì kan ní ìbú àti ní gíga, kí ẹ máa fi sí àárín pákó kan àti èkejì, kí wọ́n jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà lórí ara wọn gbọn-ín láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí èyí tó wà lókè bá yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìwúwo yóò tẹ pákó abẹ́ rẹ̀ wọlé, bí ó bá sì ti gbẹ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà. Ẹ di òkè rẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi páànù bò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi àpò ìrẹsì tàbí tàpólì bo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà má bàa fẹ́ ẹ yára jù.

Ẹ gé etí funfun kúrò lára pákó bí ẹ bá lè ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń rí oúnjẹ. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ má fi falẹ̀, ẹ yọ pákó yẹn sọ́tọ̀ kí ẹ sì fi oògùn kùn ún.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ mú pákó kan, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dínkù mọ́, ó ti bá afẹ́fẹ́ ilé yín dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gan-an lè gé èérún kan, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó fi sínú ààrò tó gbóná dé dígírì 103 ti Celsius títí kò fi ní dínkù mọ́, kí ó tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 1,200 tẹ́lẹ̀, tó wá di 800, omi tó jáde jẹ́ 400, ìyẹn ni ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ti igi gbígbẹ. Fún tábìlì inú ilé ní ọ̀dọ̀ wa, kí ó wà láàárín 12 sí 15.

Ìyá Augusta

Ó dára bí ẹ ṣe sọ “ní ọ̀dọ̀ wa”. Ní ibi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, ẹ̀rọ ìmóoru ń gbẹ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí pákó fi ń wá sí bíi 8. Àbúrò ọkọ mi gbé àga ọ̀gànwó kan láti Ìbàdàn wá, kò lo ọdún kan kí àárín rẹ̀ tó là. Igi náà kò burú, ilé ni ó yàtọ̀.

ỌmọÌsẹ́yìn

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Oṣù kẹwàá ti dé, mo sì mú ìwọ̀n wá. Pákó oní-íǹṣì méjì tí mo kọ nọ́ńbà 7 sí jẹ́ kílò 38 ní ọjọ́ tí a là á. Ní ìparí oṣù keje, ó di 34. Ní oṣù kẹjọ, 32 àti ààbọ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, 31 àti ààbọ̀, lánàá, 31. Méjì nínú àwọn oní-íǹṣì kan lọ́ díẹ̀, ìyókù gún. Kò sí ikán. Pákó tó ní àwọ̀ dúdú náà wà láàárín, ìyá wa sì ní ibi tí ojú àwọn yóò ti máa rí i lára ilẹ̀kùn ni kí a fi sí. Ẹ̀yin Káfíńtà, ṣé kí n gbé wọn wá sí Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ má tíì gbé e wá. Ààbọ̀ kílò tó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì fi hàn pé omi ṣì wà nínú àwọn oní-íǹṣì méjì. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú àpò tí Olùkọ́ ní kí ẹ fi bò ó. Bí nọ́ńbà 7 bá dúró sí ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ẹ pè mí. Kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú pákó aláwọ̀ dúdú yẹn ní ìhà tí Ìyá fẹ́ kí ó kọjú síta, kí n má bàa fi randa gbá a dànù.